Ìṣísẹ̀ Mọ́kànlá

"Mi ò rìn mọ́! Ṣé ìwọ lo bí mi ni?"

Bàbá mi fi ọwọ́ òsì ti irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó fi ń rìn, irin náà sì ṣubú gbàgà, díẹ̀ ló kù kó bọ́ lé mi lẹ́sẹ̀. Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ni. Mo ti wọ aṣọ ilé-ìwé, àpò ìwé mi wà léjìká, mo sì ní ìdánwò ìṣirò ní aago mẹ́sàn-án.

"Ẹ̀yin lẹ bí mi, sà," ni mo dáhùn. "Ṣùgbọ́n èmi ni màá máa wò yín nígbà tí ẹsẹ̀ yẹn bá gbẹ bí igi."

"Kó gbẹ! Ẹsẹ̀ ta ni?"

"Ẹ rìn díẹ̀ péré. Láti ibùsùn sí ọ̀nà ẹnu ilẹ̀kùn. Ṣebí ẹ rìn ín lánàá?"

"Àná ti lọ."

Mo gbé irin náà dìde, mo sì gbé e ka iwájú rẹ̀ pẹ̀lú agbára ju bó ṣe yẹ lọ. Ó wò mí. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ lápá ọ̀tún ṣì wọ́ sílẹ̀ díẹ̀, bí etí aṣọ tí òwú rẹ̀ já. Lẹ́yìn náà ó di irin mú, ó dìde, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ tẹ̀ lé òsì, ó ń dún nílẹ̀ bí ìgbálẹ̀. Nígbà tó gbé ìṣísẹ̀ kọkànlá, òógùn ti bò ó. Mo ti àga sábẹ́ rẹ̀, ó sì jókòó.

"Mọ́kànlá," ni mo wí.

"Mọ́kànlá!" Ó yí ohùn padà bíi tèmi. "Mọ́kànlá lánàá, mọ́kànlá níjẹta, mọ́kànlá lónìí. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tá tẹ́ẹ́ sàn jù mí lọ. Kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba, kí ayé lè kà á."

Mo kọ ọ́ sórí káàdì tó wà lára ògiri. Ọjọ́ kẹsàn-án tí òǹkà náà ò yí padà nìyẹn. Mo tẹ bírò mọ́ páálí náà débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu.

Télọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá mi. Ogún ọdún ló fi rán aṣọ nínú yàrá iwájú ilé wa, níbi tí máṣíìnì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì gígùn tó fi ń gé aṣọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni sísọ́ọ̀sì já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, kò sì lè dìde mọ́. Àrùn rọpá-rọsẹ̀ ni. Ó gba ọwọ́ ọ̀tún, ó gba ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì fi ẹnu sílẹ̀ fún un, ẹnu tó wá mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Màmá mi ti kú ní ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà. A kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bàbá mi ò ní ẹlòmíràn nínú ilé tó lè bínú sí, èmi náà ò sì ní ẹlòmíràn, a sì ń fi ìbínú kí ara wa láàárọ̀ bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń kí ara wọn. Abẹ́rẹ́ ni bàbá mi ń pè mí láti kékeré, nítorí pé mo tín-ín-rín, mo sì lẹ́nu. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rín ló fi ń pè é.

Ọjọọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mò ń mú un lọ sí ilé-ìwòsàn. Obìnrin tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ìdárayá níbẹ̀ kúrú, ó máa ń wọ bàtà kánfáàsì funfun, kì í sì í rẹ́rìn-ín. Bàbá mi sọ ọ́ ní Sájẹ́ǹtì. Sájẹ́ǹtì ló fún wa ní káàdì náà.

"Ẹ má wo ibi tí ẹ fẹ́ dé," ló sọ fún bàbá mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Ọ̀nà yẹn jìn, yóò kàn máa bà yín lẹ́rù ni. Ẹ wo ibi tí ẹ dé lánàá. Ẹ rìn lójoojúmọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ìṣísẹ̀ kan lórí tàná, iṣẹ́ ti ṣe."

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, tó sì sọ òfin ilé-ìwòsàn. Ọ̀sẹ̀ méjìlá ni wọ́n ń fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí òǹkà rẹ̀ bá ń gòkè, wọ́n á fi ọ̀sẹ̀ méjìlá mìíràn kún un. Ẹni tí òǹkà rẹ̀ bá dúró sójú kan, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé, nítorí àwọn tó ń dúró níta pọ̀.

A ti lo ọ̀sẹ̀ méje. Mọ́kànlá.

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn ni bàbá mi kọ̀ pátápátá. Ó kọjú sí ògiri, ó ní kí n jáde. Mo bẹ̀ ẹ́, mo pariwo, mo tún bẹ̀ ẹ́.

"Màmá rẹ ì bá má dà mí láàmú báyìí," ló wí, láìyíjú.

N ò mọ ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí mò ń pè ní Màmá Ńlá, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́. Àdúgbò kejì ló ń gbé, àràárọ̀ ló sì ń wá.

"Ẹ ṣe sùúrù fún ara yín," ló wí. "Sùúrù ni baba ìwà."

Inú ń bí mi débi pé ó kù díẹ̀ kí n béèrè ta ni ìyá ìwà, bóyá òun náà ti kú. Mo gbé e mì. Mo dúró níwájú káàdì pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Bí mo bá kọ òfo, Sájẹ́ǹtì yóò rí i. Bí mo bá kọ mọ́kànlá, ó máa di ọjọ́ kẹwàá.

Ilé télọ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi. Bàbá mi kì í rán aṣọ mọ́ èèyàn lára gbágbágbá. Bí àyà èèyàn bá jẹ́ ogójì ínṣì, méjìlélógójì ló máa gé. "Àyè ni," ló máa ń wí. "Aṣọ tí kò ní àyè, ẹni tó wọ̀ ọ́ ò ní lè mí." Láti ìgbà tí mo ti ń ṣa bọ́tìnnì nílẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ohun tí téèpù sọ àti ohun tí sísọ́ọ̀sì gé kì í ṣe ọ̀kan náà, kò sì sí ẹni tó ń pè é ní irọ́. Mo sọ fún ara mi pé àyè lásán ni mo fẹ́ fi kún un, kí bàbá mi lè rí ibi mí.

Mo kọ mẹ́tàlá.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Sájẹ́ǹtì gba káàdì lọ́wọ́ mi, ó kà á sókè. "Mọ́kànlá, mọ́kànlá, mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bàbá! Ẹ ti ń gbọ́ràn!" Ó gbé káàdì náà sókè fún àwọn aláìsàn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ wo ọmọ tó ń tọ́jú bàbá rẹ̀."

Àwọn èèyàn wò mí, wọ́n ń mi orí. Láti ìgbà tí màmá mi ti kú, kò sí ẹni tó yìn mí níwájú èèyàn. Ó wọ̀ mí lára. Bàbá mi la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì tún pa á dé.

Irọ́ kì í dá rìn. Bó o bá ti jẹ́ kí ọ̀kan wọlé, yóò máa ké sí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ga jù ú lọ. Mo kọ mẹ́tàdínlógún. Mo kọ ogún. Ohun tó burú jù ni pé ilé wá tù wá lára. Nígbà tí mo ti ní òǹkà tèmi, n ò nílò tirẹ̀ mọ́. N ò pariwo mọ́. N ò kà sókè mọ́. Tí bàbá mi bá rìn láàárọ̀, màá dúró tì í, màá máa ka ìwé mi. Tó bá ní ó ti rẹ òun, màá ní, "Ẹ sinmi, sà." Yóò wò mí bí ẹni tó ń wo àlejò. Kò sí irin tó ń ṣubú gbàgà. Mo rò pé àlàáfíà ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, òǹkà ti di mẹ́rìnlélógún. Ogún aláìsàn ni Sájẹ́ǹtì ní lọ́jọ́ yẹn. Ó mú bàbá mi rìn díẹ̀ láàárín àwọn irin gígùn méjì tí wọ́n fi ń dì mú, ó wo káàdì, ó sì ní, "Ẹ gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin yẹn tì. Láti òní lọ, ọ̀pá ni kẹ́ ẹ máa lò nílé. Ẹni tó ń rin ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlélógún ti kúrò ní ọmọ ìrákòrò."

"Mẹ́rìnlélógún?" ni bàbá mi wí. "Èmi?"

"Ẹ bi ọmọ yín."

Ó yíjú sí mi. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo wo bàtà funfun Sájẹ́ǹtì, mo wo ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, mo sì ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà, bàbá mi fi àtàǹpàkò òsì ń kan àwọn ìka tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, láti òpin kan dé èkejì, ó tún bẹ̀rẹ̀. N ò bi í léèrè ohun tó ń ṣe.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wà nínú ilé ìdáná, mò ń se omi tíì. Mo gbọ́ ìró ọ̀pá nílẹ̀, kó, kó, kó, mo sì rò pé Màmá Ńlá ló ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ gbì! Gbogbo àwo orí tábìlì mì.

Bàbá mi ti dìde fúnra rẹ̀. Ó ń lọ sí yàrá iwájú, sí ìdí máṣíìnì rẹ̀. Mo bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tó fi ń gé aṣọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún ká sábẹ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn láti iwájú orí rẹ̀ wọ inú ojú. Màmá Ńlá wọlé, ó ju abọ́ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ lé orí.

"Ta ló ní kó o dá rìn? Ta ló rán ọ?"

"Káàdì ni, ẹ̀gbọ́n mi," ni bàbá mi wí láti ilẹ̀. "Káàdì ló ní mo lè ṣe é."

Wọ́n rán iwájú orí rẹ̀ ní ojú márùn-ún. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí ìrọ̀rí, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn tí Màmá Ńlá ti lọ, bàbá mi ní kí n jókòó. Kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù.

"Abẹ́rẹ́, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan, má sì purọ́ fún mi nítorí pé àánú mi ń ṣe ọ́. Tí mo bá ń rìn, mọ́kànlá ni mò ń kà. Nígbà mìíràn, mẹ́sàn-án. Tí a bá dé ọ̀dọ̀ Sájẹ́ǹtì, wọ́n á ní ogún. Ṣé àìsàn yìí ti wọ orí mi ni?"

Mo ń fi ọwọ́ tẹ́ etí aṣọ ibùsùn rẹ̀.

"Mo ti ń dán ara mi wò. Mo ń ka ìka mi, mo ń ka irin ojú fèrèsé. Ó ń pé, ṣùgbọ́n n ò gba ara mi gbọ́ mọ́. Lánàá, mo ní, bí káàdì bá tọ̀nà, ẹsẹ̀ mi á gbé mi dé ìdí máṣíìnì. Bí kò bá gbé mi, a jẹ́ pé..." Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. "Ọwọ́ lọ, mo fara dà á. Ẹsẹ̀ lọ, mo fara dà á. Télọ̀ tí kò bá lè kà mọ́, kí ló kù nínú rẹ̀?"

"Orí yín ò ṣe nǹkan kan," ni mo wí. Ohùn mi kéré. "Òótọ́ lẹ̀ ń kà. Èmi ni mo parọ́ sí káàdì."

Lẹ́yìn náà ni ìbínú dé, n ò sì rí irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń rò pé mo ti ń ya wèrè, ìwọ sì ń jẹ búrẹ́dì níwájú mi! O ń wò mí! Ọmọ tí mo bí ń wò mí!"

"Ẹ̀yin lẹ ò rìn!" Èmi náà ti dìde. "Mo bẹ̀ yín, mo bẹ̀ yín, ẹ kọjú sí ògiri! Wọ́n fẹ́ yọ orúkọ yín! Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ṣé kí n tún máa wòran ni? Òbí kan ti kú mọ́ mi lọ́wọ́!"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sílẹ̀ láàárín wa. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ nínú ilé yẹn. Ṣùgbọ́n mi ò lè dúró mọ́, mo tún ní, "Àyè ni mo fi kún un. Bí ẹ ṣe máa ń fi kún aṣọ. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"Èmi?" Ó nawọ́ sí àpótí abẹ́ tábìlì. "Lọ mú ìwé ìwọ̀n mi wá. Ṣí i. Kà á."

Mo ṣí i. N ò ṣí ìwé náà rí. Láti òkèèrè ni mo ti máa ń wo iṣẹ́ rẹ̀. Orúkọ oníbàárà kún inú rẹ̀, àyà, èjìká, ọwọ́. Ogójì. Méjìdínlógójì ààbọ̀. Kò sí àyè kankan níbẹ̀.

"Ohun tí téèpù bá sọ ni mò ń kọ," ló wí. "Òun gan-an, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Bí sísọ́ọ̀sì bá wà lọ́wọ́ mi ni mo tó ń ronú àyè. Aṣọ là ń fi àyè kún. A kì í fi kún ara èèyàn. Ọmọ télọ̀ ni ọ́, o sì fi ọdún mẹ́rìndínlógún wo iṣẹ́ mi láìrí i!"

Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin.

Èmi ni mo dá lọ bá Sájẹ́ǹtì. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, mo sì fún un ní káàdì. Ó mú bírò pupa, ó fa ìlà sórí àwọn òǹkà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo sì ń gbọ́ ìró rẹ̀ lórí páálí.

"Tó o bá jí ìwé wò nínú ìdánwò," ló wí, "ìwọ ló máa fìdí rẹmi. Èyí tó o ṣe yìí, orí ẹlòmíràn ló fọ́. Ṣé o gbọ́? Orí ẹlòmíràn!" Ó sọ bírò sórí tábìlì. "Èmi náà sì jẹ̀bi. Ó yẹ kí n ti fi ojú ara mi kà á. Inú ń bí mi sí ìwọ, inú ń bí mi sí ara mi. Máa lọ."

Ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, ó fi ojú ara rẹ̀ kà á. Mẹ́jọ ni. Wọ́n yọ orúkọ bàbá mi. Obìnrin kan tó ti ń dúró láti oṣù mẹ́rin ló gba ọjọ́ Ìṣẹ́gun wa, n ò sì lè bínú sí i. Èmi nìkan ló kù tí mo lè bínú sí. Ká ní mo kọ mọ́kànlá bó ṣe wà, bóyá wọn ì bá ti yọ ọ́ bákan náà. Bóyá Sájẹ́ǹtì ì bá sì ti rí ohun tó dúró lójú kan, kó wá ọgbọ́n mìíràn dá sí i. N ò ní mọ̀ láéláé.

Nígbà tí a fẹ́ jáde, Sájẹ́ǹtì fi káàdì tuntun lé bàbá mi lọ́wọ́, kì í ṣe èmi. "Wákàtí kan lọ́sẹ̀ ni tèmi, sà," ló wí. "Ilé lẹ ti ń ṣe èyí tó kù. Ẹ ṣì lè ṣe é."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá bàbá mi tó ti jókòó sí etí ibùsùn, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀. Mo ti gbàgbé bó ṣe máa ń rí.

"Ìṣísẹ̀ ò lè sọ gbogbo rẹ̀," ló wí. Ojú rẹ̀ ṣì le. "Ìṣísẹ̀ lè gùn, ó lè kúrú. Sájẹ́ǹtì mọ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe télọ̀. Rán téèpù mẹ́ta pọ̀, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Ìṣísẹ̀ mẹ́jọ ni màá máa gbé. Ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá dé, fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbẹ̀."

Ó di irin mú, ó gbé ìṣísẹ̀ mẹ́jọ. Mo kúnlẹ̀, mo fa ìlà, mo ka téèpù. Ínṣì méjìléláàádọ́rin.

Ọjọ́ kejì, méjìléláàádọ́rin. Ọjọ́ kẹta, méjìléláàádọ́rin àti ààbọ̀.

"Ààbọ̀ ínṣì," ni bàbá mi wí. Ó dúró lórí irin, ó ń mí gúlegúle. "Ṣé o mọ ohun tí ààbọ̀ ínṣì lè ṣe fún ọrùn ẹ̀wù?"

"Mo rí i pé ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀ kó lè gùn, sà. N ò ní kọ ọ́."

"Ta ni télọ̀ nínú àwa méjèèjì?"

"Ẹ̀yin ni. Òun ló jẹ́ kí n sọ pé ẹ tẹ̀ síwájú."

Ó gbójú sókè, ó fẹ́ bú mi, kò sì bú mi. "Mo tẹ̀," ló wí. "Fà á padà."

Òfin wa ò pọ̀. Tí bàbá mi bá ti bọ́jú, ó rìn. Kò sí tíì kí ìlà tó wà nílẹ̀. Ohun tí téèpù bá sọ la ó kọ. Bí kò bá rìn, a ó kọ òfo. Bàbá mi ló fi èyí kún un, lọ́jọ́ tó ju irin sílẹ̀ tí mo sì fẹ́ fi àyè ọjọ́ náà sílẹ̀ láìkọ nǹkan. "Kọ ọ́," ló ké. "Òfo náà òǹkà ni! Kí n lè rí i lọ́la kó bí mi nínú!" Ó sì bí i nínú. Ó rìn lọ́jọ́ kejì bí ẹni tó fẹ́ lu ilẹ̀.

Màmá Ńlá máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ rẹ̀, ó ń wo àwọn ìlà funfun. "Ẹ̀ ń wọn ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kọ́lé," ló wí. "Ẹ kúkú má jẹ́ kó sú yín. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé èmi lẹlẹ́dẹ̀?"

"Ṣé mo dárúkọ ẹ ni?"

Màá purọ́ bí mo bá ní ìjà tán nílé wa. A jà nítorí ààbọ̀ ínṣì, a jà nítorí ṣọ́ọ̀kì tó ṣẹ́, a jà nítorí màmá mi, tí a wá ń dárúkọ rẹ̀ báyìí, nítorí olúkúlùkù wa rò pé òun ló mọ ohun tí ì bá sọ. Ṣùgbọ́n ìlà náà ń sún. Bí mo bá wo tàná, n ò rí ìyàtọ̀. Bí mo bá wo ti oṣù tó kọjá, ó máa ń yà mí lẹ́nu. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, ìṣísẹ̀ mẹ́jọ bàbá mi jẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún ínṣì, ó sì ń fi ọ̀pá rìn ín.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ ìdánwò àṣekágbá, aago mẹ́fà ni mo ti kúrò nílé. Bàbá mi ṣì ń sùn. Àárín ìdánwò ni mo rántí pé n ò wọn ìlà, n ò sì sọ fún Màmá Ńlá. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi níbẹ̀, lórí àga. Mo mọ̀ ọ́n. Yóò ti rí àwáwí. Yóò ti jókòó, yóò ti mu tíì rẹ̀. Ọ̀la yóò sì nira ju òní lọ. Ojú ọ̀nà ilé ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ fún un, mo pọ́n wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi mú.

Mo ti ilẹ̀kùn wọlé. Bàbá mi jókòó sídìí fèrèsé, ó ń fi ọwọ́ òsì gbìyànjú láti ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Kò gbójú sókè. Mo wo ilẹ̀. Ìlà ṣọ́ọ̀kì tuntun kan wà níbẹ̀, ó wọ́, ó sì nípọn. Ọ̀pá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ti fi òwú di ṣọ́ọ̀kì mọ́ ìdí rẹ̀. Mo wo káàdì. Ọwọ́ òsì ló fi kọ ọ́, lẹ́tà ńláńlá tó ń ṣubú lu ara wọn bí ti ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún.

"Ó dín sí tàná, sà," ni mo wí. Ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo ti pọ́n lójú ọ̀nà ti pòórá.

"Mo mọ̀. Orúnkún ń dùn mí."

"Kò sì sí ẹnì kankan nílé."

"Ta ló ní kò sí?" Ó gbé abẹ́rẹ́ sún mọ́ ojú, ó di ojú kan. "Èmi ńkọ́? Ṣé èmi kì í ṣe èèyàn ni?"

Mo dúró níwájú káàdì náà fún ìgbà díẹ̀. Gbogbo òǹkà tí mo kọ nígbà tí mò ń parọ́ ń gòkè, kò sí ọ̀kan tó wálẹ̀ rí, bàbá mi sì ṣubú láti orí wọn. Èyí wálẹ̀ pẹ̀lú ínṣì méje, ó sì ti rìn ín láìsí ẹni tó pariwo lé e lórí.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ kí ara rẹ̀ le, tàbí kí ìwé yé e, tàbí kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára, kó máa ṣe díẹ̀ lójoojúmọ́, kó sì máa kọ díẹ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, ọjọ́ tó dára àti ọjọ́ tó burú. Òǹkà kékeré tó jẹ́ òótọ́ yóò gbé ọ dúró. Ńlá tó jẹ́ irọ́, ọjọ́ tó o bá fara tì í ni yóò yẹ̀ lábẹ́ rẹ. Má sì ṣe é nítorí kí wọ́n lè yìn ọ́. Àwọn tó ń yìn ọ́ yóò lọ sílé wọn; ìwọ nìkan ni yóò dìde láàárọ̀ ọ̀la.

"Ṣé wàá dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú ni?" ni bàbá mi wí. "Ìdánwò ńkọ́?"

"Ìbéèrè kejì le, sà. N ò parí rẹ̀."

"Ibo lo ṣe é dé?"

Mo ronú dáadáa kí n tó dáhùn. "Ìdajì," ni mo wí. "Ó dín díẹ̀ ní ìdajì."

Ó mi orí, ó sì padà sídìí abẹ́rẹ́ rẹ̀.